Oògùn Tí A Wọ̀n Kí A Tó Gé

Ní Kémta, lẹ́yìn òjò ìrọ̀lẹ́,
páànù ṣì ń kán tó, tó, sínú garawa.
Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Mórounmúbọ̀ aránṣọ,
gbé ike oògùn ka orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀,
ó ní: "Ìwọ tí o ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Ìdí-Àbà,
ta ló fi ojúlé han hóró kékeré yìí?
Èyí tí wọ́n fà sí Ìyá Ṣódẹindé lára lọ́dún tó kọjá
kò mọ ọ̀tá, kò mọ ọ̀rẹ́:
ó fá a lórí, ó bó ẹnu rẹ̀,
oúnjẹ wá di ọ̀tẹ̀ nínú rẹ̀."

Mo wo àgékù aṣọ lábẹ́ tábìlì.
Ìyá mi, èdè yín ni n ó fi sọ ọ́.

Nínú ẹ̀jẹ̀ wa ni sẹ́ẹ̀lì wà, yàrá tí ojú lásán kò lè rí;
nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, òwú mẹ́rìndínláàádọ́ta,
ara wọn ni a kọ ìwọ̀n wa sí.
Àwọn kan fi awò tẹjú mọ́ ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní irú àìsàn yín,
wọ́n rí òwú kan tó kúrú.
Ó kúrú lára ẹni yìí. Ó kúrú lára ẹni tọ̀hún.
Wọn kò mọ ohun tó fà á.
Wọ́n ṣá kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún gorí ọdún kí ẹlòmíràn tó rí i pé
òwú méjì ló já, tí wọ́n pààrọ̀ ìrù,
bí ìgbà tí Fẹ́hìntólá, ọmọ iṣẹ́ yín, tòògbé
tó rán apá bùbá mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò.
A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.
Èyí kò pani lẹ́rìn-ín: ojú rírán yẹn
bí òṣìṣẹ́ kan tí kì í sùn,
tó ń wí fún ẹ̀jẹ̀ funfun tọ̀sán-tòru pé
ẹ pọ̀ sí i, ẹ pọ̀ sí i, ẹ pọ̀ sí i,
bí ẹ̀rọ tí a gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ò dúró.

"Kí wọ́n fọ́ ẹ̀rọ náà."
Bí a bá fọ́ gbogbo ẹ̀rọ Kémta nítorí ọ̀kan,
ta ni yóò rán aṣọ ọdún?

Òṣìṣẹ́ yẹn ní àpò tóóró kan lára,
ibẹ̀ ló ti ń gba agbára.
Wọ́n ní: ẹ jẹ́ ká rán ohun tí yóò wọnú àpò yẹn,
tí yóò jókòó, tí kò ní dìde.
Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èròjà ni wọ́n dán wò.
Eléyìí fún. Eléyìí ṣò.
Eléyìí bá a mu, ṣùgbọ́n
ó tún ń kiwọ́ bọ àpò aláìṣẹ̀.
Wọ́n gé díẹ̀ níbí, wọ́n lẹ díẹ̀ mọ́ ọn lọ́hùn-ún,
wọ́n tún wọ̀n ọ́n, wọ́n tún tú u.
Ẹ mọ iṣẹ́ yẹn, ẹ̀yin tí ẹ tú ọrùn aṣọ
ìyàwó ará Lántòrò nígbà mẹ́rin!
Nínú ìgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i:
ẹ̀jẹ̀ tó ya wèrè kú, èyí tó gbádùn ṣì wà láàyè.
Lẹ́yìn náà, eku. Lẹ́yìn eku, ènìyàn.

Ẹ má pín in fún Ìyá Ṣódẹindé o,
ọmú ni tirẹ̀, òwú tirẹ̀ kò pààrọ̀ ìrù.
Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àpò náà a yí ẹnu padà,
oògùn a wá ẹnu ọ̀nà tì;
wọn a tún mú téèpù.
Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gba ẹ̀jẹ̀ yín lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Ó dákẹ́. Omi ń kán.
"Àwọn tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ ńkọ́,
nígbà tí pín-ìnnì ṣì wà lára aṣọ?"
N kò mọ orúkọ wọn, ìyá mi.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ pa àpò àgékù náà.
"N kì í da èyí nù. Mo máa ń fi í kún ìrọ̀rí."

Ó gbé hóró kan mì, ó fi omi tẹ̀ lé e.
Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ, abẹ́rẹ́ sáré.
Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò.
Ẹ̀rọ dúró.
"Ṣé báyìí?"
Báyìí ni.